Kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́ Kíríkẹ́ẹ̀tì Wa ní Kudai

Òórùn àtíkè àti sípíríìtì ni mo fi ń rántí ọjọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ni, ní àdúgbò Kudai ní Mẹ́kà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn tó wá ṣe Háájì máa ń gbà kọjá. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán. Mo jókòó sórí àga, wọ́n ti so aṣọ funfun mọ́ mi lọ́rùn, ará Bangladéṣì tó ń bá onígbàjámọ̀ ṣiṣẹ́ sì ti fá apá ọ̀tún orí mi tán. Mo gbójú sókè wo dígí. Ẹni tó bá jókòó síbi tí mo jókòó sí máa ń rí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ nínú dígí yẹn, ara ògiri náà sì ni kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wa máa ń wà, ojú èèyàn mẹ́rìndínlógún tò sórí rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Lọ́jọ́ yẹn, ògiri lásán ni mo rí. Gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé díẹ̀ díẹ̀ tó já sára rẹ̀, ibi tí kàlẹ́ńdà ti bò sì funfun ju ibi tó kù lọ.

Mo fi Lárúbáwá tí kò dán mọ́rán béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà pé níbo ni ìwé yẹn wà. Lárúbáwá tirẹ̀ náà kò sàn ju tèmi. Ó fi kílípà tọ́ka sí ògiri, ó tọ́ka síta, ó ní, "Hùkúúmà." Ìjọba. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ẹni tó ń ká ẹní, ó tún ní, "Hùkúúmà," ó sì fẹ́ máa bá irun mi lọ. Mo tú aṣọ kúrò lọ́rùn mi. Mo dé fìlà lé orí tí wọ́n fá dé ìdajì, mo sì jáde. N kò béèrè ìjọba wo.

Bí o bá ti gbé ibẹ̀ rí, o mọ̀ ọ́n; mi ò ní pẹ́ lórí bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ṣe máa ń rí létí ẹni tí kò ní ìkámà, ìwé tí wọ́n fi ń gba àlejò láyè láti gbé ìlú. Irú wa fi físà Úmúrà wọlé, a ṣe Úmúrà wa, ọjọ́ físà pé, a kò padà. Mo ti lo ọdún mẹ́wàá nílé ìfọṣọ kan ní Kudai, mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ jàlàbíà àwọn ẹlòmíràn, mo sì mọ gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà rìn láìjẹ́ kí ojú òun àti ojú ọlọ́pàá ṣe mẹ́rin. Bí mo ti ń yára lọ sílé lọ́jọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: orúkọ gbogbo wa wà lórí ìwé yẹn, èmi ni mo sì kọ ọ́. Bí o bá rí i pé n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mò ń sọ yìí, tí n kò sì dárúkọ ìlú wa, má bínú. Mo ti kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ rí.

Ìlú kékeré ni ìlú wa. Ẹni tó ń wa mọ́tò kọjá lè má mọ̀ pé òun ti kọjá. Ṣùgbọ́n a ní ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì. Ará Íńdíà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ló gbé eré náà wá sí iléèwé girama wa, láyé ìgbà tí àwọn tíṣà Íńdíà ṣì pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ó kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù láìká ìgbọ̀nwọ́ kò, àti bí ẹni tó di bááàtì mú ṣe ń dúró gbọn-in níwájú igi mẹ́ta tó ń ṣọ́, kí bọ́ọ̀lù má bàa wó wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì náà ni ẹni tí gbogbo wa wá ń pè ní Tíṣà. Nígbà tí ará Íńdíà padà sílé rẹ̀, Tíṣà ti ń kọ́ ìṣirò ní iléèwé kan náà. Òun ló kó àwa ọ̀dọ́ ìlú jọ, tó sọ eré iléèwé di ẹgbẹ́ ìlú. Káfíńtà gbẹ́ bááàtì fún wa láti ara pákó àfaragbá. Lọ́jọ́ Sátidé, a máa ń bá ìlú kejì díje láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ìyá arúgbó kan tó ń ti oko bọ̀ dúró létí pápá lọ́jọ́ kan, ó wò wá títí, ó sì ní, "Láti ìgbà tí mo ti kọjá láàárọ̀ lẹ ti ń lu bọ́ọ̀lù yìí. Kí ló ṣe yín gan-an?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lẹ́nu wa mọ́. Bí ẹnì kan bá pẹ́ jù nídìí bááàtì, a ó kígbe láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé, "Kí ló ṣe ọ́?"

Ẹgbẹ́ náà kò lè dúró nílé. Ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn tíṣà fi ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí Èkó àti Àbújá lọ́kọ̀ọ̀kan, ewéko sì bo pápá. Tíṣà fi gbogbo ohun tó ní ra físà Úmúrà, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọdún kan péré ni òun máa lò. Àwa kan náà tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ní Kudai, ó rí àwọn ará Pakísítánì tí wọ́n ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ lórí ilẹ̀ òkúta kan lẹ́yìn ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì máa ń gúnlẹ̀ sí. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ni wọ́n fi téèpù tí a fi ń wé wáyà iná wé, agolo ọ̀dà tó ṣófo ni wọ́n sì fi ṣe igi mẹ́ta. Tíṣà sọ fún mi pé Jímọ́ọ̀ mẹ́ta ni òun fi dúró wò wọ́n. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó na ọwọ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní bọ́ọ̀lù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún un. Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ jù gbé agolo ọ̀dà náà dé ẹsẹ̀ ògiri. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ùsítáàsì, bí a ti ń pè é ní Tíṣà. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti wá gbogbo ọmọ ìlú wa tó wà ní Mẹ́kà àti Jẹ́dà rí, ẹni tó ń fọ mọ́tò, ẹni tó ń se oúnjẹ, ẹni tó ń ránṣọ. Ẹgbẹ́ ìlú wa sì jí padà níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò.

Èmi kì í ṣe eléré gidi. Bọ́ọ̀lù náà ń bà mí lẹ́rù. Ìwé mi kò ju ìparí girama lọ, ṣùgbọ́n mo ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi mí ṣe akọ̀wé. Tíṣà a máa wò mí bí mo ti ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, á ní, "Akọ̀wé, bọ́ọ̀lù lò ń yẹ̀ fún ni, àbí o fẹ́ jẹ́ kó kọjá kó lọ kírun?" Inú mi máa ń dùn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, wákàtí méjì yẹn nìkan ni n kì í fi etí sílẹ̀ de ìró mọ́tò ọlọ́pàá.

Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà wá. Ẹgbẹ́ wa pé ọdún mẹ́wàá ní Mẹ́kà, mo sì rò ó bí ẹnikẹ́ni nílé ṣe máa rò ó: ẹgbẹ́ tó pé ọdún mẹ́wàá yẹ kó tẹ kàlẹ́ńdà, kí àwòrán ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kí orúkọ àti ipò rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kí àwọn ará ilé lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. Tíṣà kọ́kọ́ wò mí. Ó ní, "Àwa tí à ń sá fún kámẹ́rà ní títì, ìwọ fẹ́ tẹ̀ wá jáde?" Mo ní, "Tíṣà, ta ló máa kà á? Yorùbá ni mo máa fi kọ ọ́." Àwọn tó kù kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀. Wọ́n ti ń sọ irú fìlà tí wọ́n máa dé. Jímọ́ọ̀ méjì la fi ya àwòrán. Bùbá funfun kan ṣoṣo ni èèyàn márùn-ún wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá ti ń bọ́ ọ ni èkejì ń na ọwọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà láàárín wa, tó ń kọ́ òfin Ìsìláàmù ní yunifásítì Mẹ́kà. Òun nìkan ló ní ìkámà nínú gbogbo ẹgbẹ́, òun ló sì gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Hindawíyà, ní Jẹ́dà. Mo kọ ìtàn ẹgbẹ́ sí ìsàlẹ̀, láti orí ará Íńdíà títí dé orí agolo ọ̀dà. Mo fi "Àlàájì" síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ àdúgbò tí olúkúlùkù ń gbé. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí pé gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ nílé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo kọ nọ́ńbà fóònù mi.

Ó wù wá gan-an. A fi ránṣẹ́ sílé, ìyá ẹnì kan sì pè láti sọ pé òun ń kí àwòrán ọmọ òun ní káàárọ̀ lójoojúmọ́. Tíṣà lẹ tirẹ̀ mọ́ ògiri lókè ibi tó ń sùn nínú yàrá tí èmi àti òun jọ ń gbé. Onígbàjámọ̀ gba ẹyọ kan. Ọmọ Ìlọrin ni, kì í gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó ní ìwé, ó sì fẹ́ràn wa, a ti fi í ṣe bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i.

Nígbà tí mo sáré wọlé lọ́jọ́ náà, Tíṣà jókòó sórí ẹní, ó ń fi búrẹ́dì tàmíísì jẹ ẹ̀wà fúùlù. Mo ní, "Tíṣà, ẹ dìde. Wọ́n ti rí wa."

"Àwọn wo?"

"Ìjọba. Wọ́n ti ká kàlẹ́ńdà lọ lára ògiri onígbàjámọ̀."

Ó ki búrẹ́dì bọ inú ẹ̀wà, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. "Ìjọba wo?"

"Ìjọba mélòó ló wà, Tíṣà?"

"Wọ́n pọ̀. Èyí tó ń kó ìdọ̀tí wà, èyí tó ń ka mítà iná wà. Kí ni onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ sọ?"

"Kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn."

"Jẹ́ kó dé, ká bi í. Ṣí fìlà rẹ ná." Mo ṣí i. Ó wò mí. "Orí rẹ dà bí oko tí alágbàṣe sá kúrò nínú rẹ̀."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sọ fún gbogbo wọn: "Wọ́n ti rí àwòrán wa. Má sùn sílé lónìí. Má lọ síbi iṣẹ́ lọ́la." Mo gbọ́ bí ohùn olúkúlùkù ṣe ń yí padà. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí Tíṣà béèrè. Kó tó di Màgíríbì, mo ti bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ tán, mo sì rò pé mo ti ṣe ohun rere. Mo wá yíjú sí Tíṣà, mo ní kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ìlú wa kan ní Hindawíyà, pé awakọ̀ tí mo mọ̀ wà nísàlẹ̀.

Ó ní, "A ní eré lọ́la. Bí a kò bá lọ, àwọn ará Pakísítánì á ní a sá."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Tíṣà."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù bọ́ọ̀lù náà ń bà ọ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wò mí pẹ́, irú wíwò tó máa ń wo ọmọ tó kùnà ìṣirò. "Bí mo bá lọ, ṣé ọkàn rẹ máa balẹ̀?"

Mo ní ó máa balẹ̀.

Ó wọ bàtà rẹ̀. Ó mú aṣọ kan ṣoṣo àti tẹ̀súbáà. Tíṣà ní ìtọ̀ ṣúgà, abẹ́rẹ́ tó ń gún láràárọ̀ àti lálaalẹ́ wà nínú firíìjì oníbàkálà, ẹni tó ń ta ọjà kéékèèké ní ìsàlẹ̀ ilé wa, ṣùgbọ́n oníbàkálà ti ti ilẹ̀kùn lọ kírun. Mo fẹ́ kó dúró dè é, ẹ̀rù tún ń bà mí bí ó bá dúró. Òun ló sọ pé kò burú, pé òun á ra òmíràn ní Jẹ́dà, pé Sátidé ni òun máa padà. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́tò fún un.

Ilé ìfọṣọ ni mo sùn sí, lẹ́yìn àwọn jàlàbíà tí a fi kọ́. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ni. Mo wò ó títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún, ó tún dún. Ní Sátidé, ó dún lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo mọ ẹni tó ń pè mí, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀: nọ́ńbà mi wà ní ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà, kàlẹ́ńdà wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí mo bá gbé e, wọ́n á mọ ibi tí mo wà. Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, bó ti dún lẹ́ẹ̀kan sí i, mo yọ síìmù jáde, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e sí méjì, mo sì jù ú sínú ihò tí omi ìfọṣọ ń gbà lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó rí mi. Ó wọ ilé ìfọṣọ wá, kò jókòó. Ó ní, "Akọ̀wé, kí ló dé tí ẹ ò gbé fóònù?" Mo ní ìjọba ń pè mí. Ó ní, "Tíṣà ló ń pè yín." Ó ní wọ́n dá ọkọ̀ wọn dúró níbi àyẹ̀wò lójú ọ̀nà Jẹ́dà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, wọ́n béèrè ìwé, Tíṣà kò ní, wọ́n sì gbé e lọ sí tàríílì, ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n máa dá padà sílé sí. Fóònù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan yá a ní tirẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni Tíṣà mọ̀ sórí, tèmi, torí pé ó ń rí i lára kàlẹ́ńdà lókè ibi tó ń sùn lójoojúmọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ gbogbo èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, torí Tíṣà ti dé ilé nígbà náà.

Mo béèrè ohun tó fẹ́ sọ fún mi.

"Abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ fún mi kí n gbé e wá. Èmi ni mo ní ìwé, wọn ì bá jẹ́ kí n fún un. Ó ní òun ò sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé ara òun ò yá, kí wọ́n má bàa dá òun dúró pẹ́. Ó ní òun ṣáà ń retí yín."

Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì la jọ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ti gbàgbé áyọ́ọ̀nù sójú kan.

Egbò kékeré kan ti wà ní ẹsẹ̀ Tíṣà nígbà tó délé. Kò jinná. Ní oṣù kẹta tó délé, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní orúnkún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, èyí tó máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Mo ti ra síìmù tuntun nígbà náà, ó sì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Mo rò pé á bá mi wí. Ó ní, "Akọ̀wé, wọ́n sọ fún mi pé o ò jẹun dáadáa mọ́. Jẹun. Ṣé ẹgbẹ́ ṣì ń pàdé?" Ẹgbẹ́ kò pàdé láti ọjọ́ tí mo ti pè wọ́n. Àwọn kan ti kó lọ sí Ríyáàdì, àwọn kan ti pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹni tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà a máa yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ìpàdé wa náà lè kó bá a. Mo fi ohùn tèmi ránṣẹ́ padà. Mo ní, "A ń pàdé, Tíṣà. Gbogbo Jímọ́ọ̀ ni." Láti ìgbà náà ló ti ń béèrè ẹni tó ju bọ́ọ̀lù dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sì ń sọ fún un. Mo ń pa irọ́ eré kíríkẹ́ẹ̀tì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó lu bọ́ọ̀lù àti ibi tó bọ́ sí. Nínú àwọn irọ́ náà, mo jẹ́ kí èmi fúnra mi mú bọ́ọ̀lù kan lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Kó tó di ààwẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, Tíṣà kú.

Onígbàjámọ̀ wá kí mi kú ọ̀fọ̀ ní ilé ìfọṣọ. Láti ọjọ́ tí mo ti sá kúrò lórí àga rẹ̀, n kò tíì fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó jókòó, ó sọ̀rọ̀ Tíṣà díẹ̀, ó wá ní, bóyá kí n lè túra ká, "Ìdajì orí rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi o." Mo ní kó má bínú, pé ọjọ́ tí ìjọba ká kàlẹ́ńdà lọ ni. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ṣé báládíyà lò ń pè ní ìjọba? Àwọn tó ń bójú tó ìmọ́tótó ìlú? Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ìwé lílẹ̀ lára ògiri ibi tí a ti ń fárí. Wọ́n ká tiyín, wọ́n ká gbogbo àwòrán irun tí mo lẹ̀. Wọ́n fún mi níwèé ìkìlọ̀, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Inú pàǹtírí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí." Ó gbójú sókè wò mí. "Akọ̀wé, ṣé nítorí ẹ̀ ni Tíṣà fi kúrò ní Kudai?"

Mo padà sídìí aṣọ tí mò ń lọ. Lẹ́yìn tó lọ, mo sọ fún ara mi pé báládíyà lè ti yọ kàlẹ́ńdà nínú pàǹtírí, kí wọ́n fi lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́, pé ìjọba kan náà ni gbogbo wọn, pé kò sí bí onígbàjámọ̀ ṣe lè mọ̀. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú fún ọdún méjì. Mo ń bá a lọ láti máa sá, mo ń sùn níbi mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, n kò gbé fóònù tí n kò mọ nọ́ńbà rẹ̀. Bí mo bá dẹ́kun sísá, a jẹ́ pé mo gbà pé kò sí ohun tó ń lé mi.

Nígbà tó yá, ìjọba kéde pé ẹni tí kò níwèé lè wá fúnra rẹ̀, kí wọ́n gba àmì ìka rẹ̀, kí ó sì máa lọ sílé láìsí ìyà. Àwọn tó ti ṣáájú lọ ní òótọ́ ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Jẹ́dà, ojú ọ̀nà kan náà, mo sì di ojú mi nígbà tí a dé ibi àyẹ̀wò. Ìlà gùn. Àwọn obìnrin gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n ń bá ọmọ sọ Yorùbá, ọmọ ń fi Lárúbáwá dá wọn lóhùn. Ní ọ̀sán, ó kàn mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà lẹ́yìn dígí, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó ní kí n gbé ìka mi lé ẹ̀rọ, mẹ́rin, mẹ́rin, lẹ́yìn náà àtàǹpàkò. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní ọjọ́ físà mi ti kọjá tipẹ́tipẹ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lu òǹtẹ̀ lu ìwé kan, ó tì í sí mi láti abẹ́ dígí. Ó ní, "Kàláàsì." Ó ti tán.

N kò kúrò níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló tún wà nípa mi níbẹ̀. Ó ní kò sí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un wò. Ó béèrè ohun tí mò ń wá. N kò ní Lárúbáwá tó pọ̀ tó. Mo ní ìwé kan ni, ìwé tó ní àwòrán, èmi wà nínú rẹ̀, èèyàn mi wà nínú rẹ̀, bóyá wọ́n ń wá wa. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń kùn. Ó wò mí, ojú rẹ̀ sì rọ̀, torí ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó tún tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kà á dáadáa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gbàdúrà lórí ìdúró pé kó rí i. Ó mi orí. "Kò sí ẹni tó ń wá yín, hájì. Má bẹ̀rù. Lọ sílé."

Níta, àwọn tó ti gba ìwé tiwọn ń dì mọ́ra, wọ́n ń ṣe Àlùhámúdù. Mo jókòó sórí òkúta ẹ̀gbẹ́ títì. Mọ́tò ọlọ́pàá kan rọra kọjá níwájú mi, ẹni tó wà nínú rẹ̀ wò mí, ó sì wo ibòmíràn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín ọdún mẹ́tàlá tí ara mi kò gbọ̀n. Mo wá mọ̀ níbẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá gbáko ni ẹgbẹ́ wa fi gbá bọ́ọ̀lù lójú gbogbo ìjọba tó wà nílùú yẹn, tí ọ̀kankan wọn kò fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo tú u ká, ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, láti ẹnu ọ̀nà yàrá wa. Mo ti rò pé ẹ̀rù mi ń ṣọ́ wa. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ wa bí kò ṣe ọkùnrin tó jókòó lórí ẹní, tó ń jẹ ẹ̀wà, tó béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí n dáhùn.

Mo mú fóònù jáde láti sọ fún ẹnì kan pé ó ti tán, pé mò ń bọ̀ nílé. Mo yẹ àwọn orúkọ inú rẹ̀ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí ẹyọ kan tí mo lè pè, mo sì dá a padà sápò.